Irúgbìn tí Ògbójú Sá Sórí Páànù

Ẹni tó sọ ọ́ ní Ògbójú kò ní i lọ́kàn láti yìn ín. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí òròmọdìẹ kan, tí kò tíì tó ìkúùkù ọmọ ọwọ́, yà kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tó sì dojú kọ ọ́. Ọmọ náà figbe ta, ó sáré gba àárín ilé kọjá, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sì wọ oko lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí i lórí igi, ó ń béèrè bóyá ẹran náà ti lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Ògbójú, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Àgbà tó dà kò wo ẹ̀rù náà sàn. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣí ilẹ̀kùn, Ògbójú á kọ́kọ́ kí i kú àbọ̀, bóyá ohun tó wọlé á tìtorí ìkíni fi í sílẹ̀. Bí ejò bá kọjá lójú ọ̀nà oko lónìí, ó di oṣù tó ń bọ̀ kó tó tún gba ibẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n ń pín ẹ̀rù fún aráyé, ọkọ òun ló bá àwọn tí kò wá gba tiwọn.

Síbẹ̀, òun yìí náà ni irúgbìn gbogbo àdúgbò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú irúgbìn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú wọn di bàìbàì, àwọn àgbẹ̀ wá bi wọ́n pé ta ni wọn yóò gbé e fún. Ìyá ní ọmọ àwọn ni. Àwọn àgbẹ̀ wo ara wọn. Ìyá ní kí wọ́n má wulẹ̀ wo ara wọn: ẹni tí kì í bẹ̀rù á gbàgbé irúgbìn síbi tí eku wà, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn ò lè gbàgbé, ẹ̀rù ò ní jẹ́ kó sùn débi tó máa gbàgbé. Báyìí ni Ògbójú ṣe di olùtọ́jú irúgbìn. Lọ́jọ́ kejì ló ra àgádágodo mẹ́ta. Ó so àwọn kọ́kọ́rọ́ wọn mọ́ ọrùn, wọ́n ń dún woroworo bó ṣe ń rìn, tó fi jẹ́ pé olè tó bá fẹ́ mọ ibi tó wà kò ní í ṣe ju kó tẹ́tí lọ. Ó sì kéde fún gbogbo ayé pé ẹni tó bá fọwọ́ kan hóró kan ṣoṣo, òun àti onítọ̀hún ò ní í jọ gbé abẹ́ ọ̀run kan náà.

Ẹ̀wà ni irúgbìn náà. Ojú-Ológbò ni wọ́n ń pè é, nítorí ó pọ́n rúsúrúsú, òrùka dúdú kan sì yí ojú rẹ̀ ká, bí ìgbà tí ológbò bá ń wo èèyàn láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń tètè jinná, ó dùn, bí èèyàn bá sì gbìn ín, ọmọ tó bá bí á jọ ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ẹ̀wà alápò dídán dé láti ilẹ̀ òkèèrè, tí gbogbo ènìyàn sì pa Ojú-Ológbò tì. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀wà tuntun náà so bí ẹni tí wọ́n háyà. Lọ́dún kejì, ẹni tó gbin lára èyí tó kó pa mọ́ rí àwọn ọmọ tí kò jọ bàbá tí kò jọ ìyá. Ti sísè rẹ̀ wá burú jù. Obìnrin lè gbé e kaná, kó bímọ, kí ọmọ rìn, kí ó máa béèrè oúnjẹ, ẹ̀wà ò tíì rọ̀.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí wọ́n ti ń jẹ òkúta, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ pinnu láti padà sí Ojú-Ológbò. Ilé kọ̀ọ̀kan tú inú akèrègbè, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti ìdí àpótí. Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìkóríta kó hóró mọ́kànlá wá nínú ìbọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Ìyá, kò sí ẹni tó fi hóró kan sílẹ̀ sílé. Ògbójú gbìn ín sójú kan, ó kórè, ẹ̀wà náà sì máa kún dúrọ́ọ̀mù búlúù kan dé ọrùn. Dúrọ́ọ̀mù yìí ni wọ́n máa pín gbìn nígbà òjò tó ń bọ̀. Kò sí Ojú-Ológbò mìíràn níbikíbi.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ihò kan wà lórí páànù yàrá ìkẹ́rù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá ti ní kí Ògbójú gun àkàbà lọ dí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ní òun máa dí i lọ́la, nítorí ẹ̀rù àkàbà ń bà á. Ẹ̀wà ṣì wà nínú àpò, wọn ò tíì dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, nígbà tí òjò kan tí ẹnikẹ́ni ò pè ya wọlé gba ihò náà. Nígbà tí Ògbójú ki ọwọ́ bọ àpò láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ jáde tútù.

Òfin Ìyá ni pé abẹ́ òjìji ni wọ́n ń gbẹ irúgbìn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ọjọ́ mẹ́fà gbáko, kí wọ́n máa fọwọ́ yí i. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Ìyá ti ní àwọn máa gé hóró kan jẹ láti mọ̀ bó ti gbẹ tó. Ẹ̀rù ńlá bá lé ẹ̀rù kékeré jáde. Ògbójú, tí kì í gun àga, gun àkàbà. Ó tẹ́ gbogbo ẹ̀wà náà sórí páànù lábẹ́ oòrùn ọ̀sán tó mú débi pé aláǹgbá tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá yí padà lọ gba ilẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀wà ti gbẹ, ó ń dán bí eyín ọmọge. Ìyá gé ọ̀kan, ó dún kọ́. Wọ́n ní ọmọ àwọn káre. Ògbójú po ẹ̀wà náà mọ́ eérú, ó dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, ó dí i pa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan wá bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn kan wà lágbègbè mìíràn tí wọ́n ń sá irúgbìn sórí páànù. Ó ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti se irúgbìn náà láìlo ìkòkò. Ojú rẹ̀ á máa dán, ṣùgbọ́n òkú ni. Gbogbo ìpàdé fi irú òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ògbójú ló rẹ́rìn-ín jù. Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn yòókù fi dákẹ́ tí wọ́n ń wò ó, kò mọ bó ṣe máa dá a dúró.

Fún oṣù mẹ́jọ, kò jẹun yó. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni: kó ka ọgọ́rùn-ún hóró, kó wé wọn sínú aṣọ tútù, kó so ó mọ́ ìbàdí lábẹ́ ẹ̀wù kí ooru ara lè mú un hù, bí Ìyá ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, ohun tí èèyàn ò bá tíì wò kò tíì ṣẹlẹ̀. Ló bá kúkú ń yẹra fún dúrọ́ọ̀mù. Bó bá fẹ́ kọjá lára rẹ̀, á kí i.

Òjò wá rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Àìkú, Alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kéde pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa pín irúgbìn. Alága yìí, bí wọ́n bá ní kó sọ pé iná ń jó, á kọ́kọ́ kí àwọn àlejò pàtàkì. Ó ní ọkọ̀ tó ń ta ẹ̀wà alápò dídán máa kọjá lọ́jọ́ Sátidé, ìgbà ìkẹyìn lọ́dún yìí nìyẹn, òun sì ti sọ fún awakọ̀ rẹ̀ lójú pé kó má dúró, kódà bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kó lọ mumi níwájú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ògbójú náà pàtẹ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń tàsé ara wọn lójú afẹ́fẹ́.

Nígbà tó délé ló ka ọgọ́rùn-ún hóró. Ó wé e, ó so ó mọ́ ìbàdí.

Ó wá di ẹni tó ń rìn bí aláboyún oṣù kẹsàn-án. Kò lè bẹ̀rẹ̀, kò lè sáré. Ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tó ń ṣe é, ó ní ẹ̀gbẹ́ ló ń dun òun. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá iwájú tí obìnrin náà ti ń ránṣọ, ó ń wo bó ṣe ń gé aṣọ oníbàárà. Àpò kéékèèké mẹ́fà ni aránṣọ náà máa ń tò sórí aṣọ kó má baà sún lábẹ́ àlùmọ́gàjí. Ògbójú mú ọ̀kan fi rọ ọrùn, ó ń rùn kàfúrà, ìyẹn bọ́ọ̀lù funfun tí wọ́n fi ń lé kòkòrò nínú aṣọ, nítorí inú àpótí aṣọ ni àwọn àpò náà ń sùn. Ìyàwó rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíá. Ó ní irinṣẹ́ ni, kì í ṣe ìrọ̀rí.

Lọ́jọ́rú, wọ́n pe ìpàdé kékeré lórí ètò pínpín. Níbi tí Ògbójú jókòó sí, omi aṣọ náà ń jò sí ṣòkòtò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan rí i, ó fi igbọ̀nwọ́ gún ẹni kejì. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń sọ pé ẹ̀rù Ògbójú ti kún, ó ti ń ṣàn sílẹ̀. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó sàn kí wọ́n rò pé ó tọ̀ sára ju kí wọ́n mọ ohun tó gbé dání.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó wọ yàrá ìkẹ́rù, ó ti ilẹ̀kùn, ó tú aṣọ náà. Òórùn ló kọ́kọ́ kí i. Èèpo ẹ̀wà ti bọ́, ara wọn ń yọ̀. Ó kà wọ́n láti ọ̀tún, ó kà wọ́n láti òsì, bóyá ọ̀nà tó gbà kà á ni kò dáa. Kò sí ọ̀kan tó ta gbòǹgbò. Hóró kan wú bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó fi ìka méjì mú un, ó sì yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó jókòó sílẹ̀, ìbẹ̀rù wá gbé ìmọ̀ràn kan kalẹ̀ fún un. Kó dákẹ́. Kí wọ́n pín in, kí wọ́n gbìn ín. Bí kò bá hù, ẹyẹ wà, èèrà wà, ọ̀kẹ́rẹ́ wà, òjò wà, àwọn ọ̀daràn mẹ́rin tí kò lè wá sí ìpàdé wá wí tẹnu wọn. Ó ti ń yan ẹyẹ nínú wọn nígbà tó gbọ́ tí ẹnì kan ń kan fèrèsé. Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni. Ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni, òun ti kọ ebè òun tán, gbogbo ojú ń wo Ògbójú. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ògbójú rò ó wò. Wọ́n á gbin òkú lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n á dúró di ọjọ́ mẹ́fà kó hù. Ọkọ̀ á ti kọjá, kò ní í padà. Òjò á lọ, ebè á wà lófìfo, bàbá náà á sì máa wo ilẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn bà á lẹ́rù ju ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí òun lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé yàrá Ìyá kó tó mọ̀.

“Màámi, mo fẹ́ sọ nǹkan kan.”

“Jókòó kó o tó sọ ọ́. Ohùn ẹ ń gbọ̀n.”

“Irúgbìn ti kú. Èmi ni mo pa á. Mo sá a sórí páànù.”

Ìyá gbé ọwọ́ lé orúnkún. “Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ lórí páànù?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.”

“Mo rò pé ihò yẹn lò ń dí. Mo jókòó síbí, mò ń gbàdúrà fún ẹ. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ni mo sọ fún pé ọmọ mi ti borí ẹ̀rù àkàbà.”

Ì bá sàn kí wọ́n gbá a létí.

“Ihò náà ńkọ́?” Ìyá béèrè.

“Ó ṣì wà níbẹ̀.”

Ìyá mí kanlẹ̀. “Ta lo ti sọ fún?”

“Ẹ̀yin nìkan.”

“Èmi kọ́ ni mo fẹ́ gbìn ín lọ́la.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo ilé gbé abọ́ wá sí ibi ìpàdé. Wọ́n ti gbé dúrọ́ọ̀mù síwájú, Alága sì ti ń sọ̀rọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n dá ẹ̀wà sáyé, kò tíì dé ọdún tí wọ́n bí bàbá rẹ̀. Ògbójú na ọwọ́. Alága ní kó ní sùúrù. Ògbójú na ọwọ́ kejì náà, ó wá dà bí ẹni tí ọlọ́pàá mú.

“Ẹ má gbin ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù yìí,” ó ní. “Ó ti kú. Òjò pa á, mo sá a sórí páànù, mi ò sọ fún yín. Ọkọ̀ ń kọjá lọ́la. Ẹ dá a dúró.”

Ó tú aṣọ òórùn náà sórí tábìlì kí wọ́n fojú rí i. Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ṣé tèmi náà wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀, Bàbá.”

Bàbá náà da abọ́ rẹ̀ délẹ̀, ó sì jókòó lé e. Ìgbà yẹn ni ariwo wá sọ. Àwọn kan ní kí wọ́n sá Ògbójú náà sórí páànù títí á fi gbẹ. Àwọn kan ní ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn yẹn ló yẹ kó ti jẹ́ kí àwọn mọ̀. Alága ò bínú sí Ògbójú tó bẹ́ẹ̀. Ó ń ronú ohun tó máa sọ fún awakọ̀ tó ní kó lọ mumi níwájú.

Ògbójú rọra rìn lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ wà níbi ìpàdé náà, ó dúró lẹ́yìn pátápátá, ó sì ti sáré ṣáájú rẹ̀ délé. Nígbà tí Ògbójú wọ yàrá iwájú, ó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀.

“Bàbá wọn, ẹ wọlé. Ẹ má pariwo.”

Obìnrin náà mú ọ̀kan nínú àpò kéékèèké mẹ́fà yẹn, ó fi abẹ tú ojú ìrán rẹ̀, ó dà á sórí tábìlì. Ológbò bí igba ń wo Ògbójú.

“Níbo lo ti rí i?”

“Nínú ìkòkò Màámi, lọ́dún méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí ẹ gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sídìí kànga. Yanrìn tó wà nínú àwọn àpò náà tẹ́lẹ̀ ń ba aṣọ oníbàárà jẹ́, mo ní kí n bu díẹ̀. Nígbà tí gbogbo ilé ń kó tiwọn wá, mo fẹ́ mú un jáde. Mi ò lè ṣe é. Ẹ̀rù yín ń bà mí.”

Ògbójú wá àga jókòó. “Ẹ̀rù mi?”

“Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò ní í bá ẹni tó bá mú hóró kan gbé abẹ́ ọ̀run kan náà.”

Kò sí ẹni tó tíì sọ irú rẹ̀ fún un rí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ìbọn ló gbé dání láti àárọ̀. Kò mọ ohun tó máa fi í ṣe. Ó ní kí obìnrin náà jọ̀ọ́, kí ó tú àpò yòókù.

Àwọn méjèèjì kó o lọ bá Ìyá. Ìyá gé ọ̀kan jẹ, ó dún kọ́. Wọ́n gbóòórùn ẹ̀wà náà, wọ́n ní kàfúrà ni kò jẹ́ kí kòkòrò fẹnu kàn án, wọ́n wá rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ láti àná. “Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà,” ni wọ́n wí, “ṣùgbọ́n mi ò rí kòkòrò tó tọ́jú ẹ̀fọ́ pa mọ́ rí.”

Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni yọ̀. Irúgbìn ọdún méjì, ta ló mọ ohun tó kù nínú rẹ̀? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so hóró mẹ́wàá mẹ́wàá mọ́ ìbàdí. Lọ́jọ́ Sátidé, Alága dúró láàárín títì, ó gbé fìlà dání, ó sì gbé ife omi tútù kan pàdé ọkọ̀. Àwọn àgbẹ̀ rí ẹ̀wà alápò dídán gbìn, wọ́n á tún jẹ òkúta lọ́dún kan sí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tú aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ẹní. Nínú ọgbọ̀n hóró, mọ́kàndínlógún ta gbòǹgbò funfun tín-ín-rín. Ògbójú kà á lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó rò pé aláwàdà kan ló ti fi òwú há wọn lẹ́nu.

Ẹgbẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní kí wọ́n gba àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́wọ́ ilé yẹn kíákíá. Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló dìde, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ Ògbójú. Ó ní ẹni tí kò tíì jóná rí ni òun ò lè gbé iná fún. Eléyìí, bó bá rí páànù lójú àlá, á kígbe. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lọ dí ihò. Gbogbo ẹgbẹ́ ló pé sí ìdí àkàbà. Wákàtí kan ló lò kó tó gun ìgbésẹ̀ mẹ́jọ, Ìyá sì jókòó sínú yàrá, wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí páànù, wọ́n ní kí aránṣọ lọ wò ó kí àwọn tó gbàdúrà kankan.

Ebè mẹ́rìnlá ni wọ́n gbin ẹ̀wà náà sí ní ẹ̀yìnkùlé. Ògbójú gbé àga lọ síbẹ̀. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ilẹ̀. Ó bẹ̀rù oòrùn, ó bẹ̀rù òjò, ó bẹ̀rù pé wíwò tí òun ń wò ó lè máa tì í lójú kò fi hù. Láàárọ̀ ọjọ́ kárùn-ún, ilẹ̀ lórí ebè kẹta sán tín-ín-rín, ọrùn kan sì tẹ̀ jáde níbẹ̀, ó funfun, ó rọ̀, kò tíì gbé orí sókè.

Kò tíì pe ẹnikẹ́ni nígbà tí ìyá adìẹ kan wọlé láti ara ọgbà, àwọn ọmọ rẹ̀ tò tẹ̀ lé e. Òròmọdìẹ kan yà kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò tíì tó ìkúùkù ọmọ ọwọ́. Ó gun ebè kẹta, ó gbé orí sí ọ̀tún, ó wo ọrùn funfun yẹn.

Ògbójú dìde. Igi tó lè gùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Òròmọdìẹ náà yí ojú padà, ó wò ó. Ògbójú tún gbé ẹsẹ̀ kejì.